Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Ló Ni Ọkọ̀

   

Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé ìparí ọdún wa, a kò sì yanjú rẹ̀ dáadáa kí a tó tú ká. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló dìde láàrin wa. Ọmọ dáadáa ni, ó ń tajà ní Monday Market, ó ti gbéyàwó, ó bí ọmọ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sì wà láyé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní àjọ tí òun ń dá ti kan òun, òun sì ti yá díẹ̀ kún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ó ní òun ti rí ọkọ̀ tòkunbọ̀ méjì tí owó wọn kò jìnnà síra. Lexus ni méjèèjì. Ọ̀kan ń jẹ́ ES 350, èkejì ń jẹ́ IS 250. Ó ní kí àwọn bàbá àti ẹ̀gbọ́n òun gba òun nímọ̀ràn, èwo ni kí òun mú?

Háà! Ilé pín sí méjì. Àwọn ọ̀dọ́ ní IS ni, pé ọkọ̀ ọmọkùnrin nìyẹn, pé ó rẹlẹ̀, ó gún régé, tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, á fò. Àwọn kan láàrin àwa àgbà ní ES ni, pé ara tù ènìyàn níbẹ̀. Ariwo pọ̀, títí alàgbà wa kan fi dá ẹjọ́ náà pé: “Owó ọmọ náà ni, èyí tó bá wù ú ni kó rà.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi kò pàtẹ́wọ́ o. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá fún alàgbà wa, mo ta ko ìdájọ́ náà, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé yìí kí gbogbo ilé lè kà á. Owó ọmọ náà nìkan kọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹnu sílẹ̀ kí àjọ náà tó pé. Ẹgbẹ́ yá a lówó. Ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀ nílé. Ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú kọ́ ló ni ọkọ̀, lójú tèmi. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló ni ín. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ìdáhùn ìbéèrè ọmọ wa kò ṣòro rárá: kí ó mú ES.

ÈWO GAN-AN LÓ LÁGBÁRA?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ilé-iṣẹ́ Toyota ló gbé orúkọ Lexus jáde lọ́dún 1989. Láti ọdún náà ni ES ti wà, láti ìgbà náà ló sì ti jẹ́ pé orí egungun Camry ni wọ́n ń kọ́ ọ lé. ES 350 tí ó jáde lọ́dún 2006 àti Camry tí gbogbo wa ń pè ní Muscle, ọmọ ìyá ni wọ́n. Taya iwájú ló ń fà á. IS ní tirẹ̀, ní Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á lọ́dún 1998, Altezza ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Taya ẹ̀yìn ló ń tì í. Wọ́n ṣe é kí ó lè bá BMW 3 Series figa gbága lójú títì àwọn òyìnbó. Wọ́n le síríńgì rẹ̀, wọ́n rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gé àyè ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ́ńjìnnì ES 350 jẹ́ lítà 3.5, agbára rẹ̀ sì tó ẹṣin 272. Ti IS 250 jẹ́ lítà 2.5, agbára ẹṣin 204 ló ní. Èyí tí ẹ ń pè ní ọkọ̀ arúgbó ló fi nǹkan bí àádọ́rin ẹṣin ju èyí tí ẹ ń pè ní ọkọ̀ akọni lọ! Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ pé eré lẹ fẹ́, ẹ kò sọ òótọ́. Ojú rẹ̀ lẹ fẹ́. Híhan tí ó máa ń han bí ẹni tó fẹ́ fò lẹ fẹ́. Ìyẹn kò burú, ojú ló ń kọ́kọ́ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi líle ìjókòó pe agbára.

Mo gbà pé IS máa ń di títì mú ní kọ́nà ju ES lọ, ìdarí rẹ̀ sì máa ń dùn lọ́wọ́. Ẹni tó bá wà ní ìlú òkè, tó jẹ́ àpọ́n, lè rà á kó sì jẹ̀gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, kọ́nà wo ló wà láàrin Maiduguri àti Damaturu? Ilẹ̀ tó tẹ́ bí ọpọ́n ayò, ọ̀nà tó nà gbọọrọ bí okùn! Ẹ fẹ́ fi owó ra ohun tí ẹ kò ní rí ibi lò ó.

Ẹ tún wo orúkọ tí àwọn baba wa sọ nǹkan yìí. Wọ́n pè é ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ tí ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí Mercedes tó ní ẹ̀rọ amúlétutù dé, Mẹsí ọlọ́yẹ́ ni wọ́n pè é. Ohun tí ara ẹni tó jókòó gbà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, wọn kò wo ariwo ẹ́ńjìnnì. Lóòótọ́, lóṣù Kìíní, ọ̀fẹ́ ni ọyẹ́ ní Maiduguri, gbogbo wa ni ọlọ́yẹ́. Ṣùgbọ́n lóṣù Kẹrin, nígbà tí ooru bá kọjá ìwọ̀n 40, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi fún un lórúkọ náà.

Ẹ BẸ̀RẸ̀ KÍ Ẹ KA ARA TAYA

Ìmọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ní ìlú yìí mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà ara taya. Ẹ ó rí i bí 215/60. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ taya ní mìlímítà. Èkejì sọ bí rọ́bà ṣe ga tó láti ojú títì dé ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ìdá ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, Camry Muscle tó wọ 215/60 ní rọ́bà mìlímítà 129 láàrin irin àti kòtò. ES 350 tó wọ 215/55 ní 118. IS tó wọ irin 18, tí taya iwájú rẹ̀ jẹ́ 225/40, ní 90 péré.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn. Rọ́bà yẹn ni tìmùtìmù àkọ́kọ́ tó wà láàrin egungun ẹ̀yìn yín àti kòtò. Bí ó bá tínrín, irin ni yóò gba ìkọlù, irin yóò sì gbé e fún síríńgì líle, síríńgì yóò gbé e fún ìjókòó, ìjókòó yóò sì gbé e fún Màmá.

Bẹ́ẹ̀, kòtò nìkan kọ́ ló wà. Iyanrìn wà. Àwọn tó ń gbé Gwange, Bulumkutu àti Gomari mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan péré lo máa gbé kúrò lórí ọ̀dà, ìyàngbẹ ilẹ̀ ló kù. Ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ máa ń fi àyà wọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí taya ẹ̀yìn ń tì, tí kò sì sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, máa ń gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀ nínú iyanrìn. Ẹnì kan lè sọ pé Peugeot 504 náà, taya ẹ̀yìn ló ń tì í, ó sì jọba ní àríwá yìí láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ PAN ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna lọ́dún 1975. Òótọ́ ni! Ṣùgbọ́n kí ló mú 504 jọba? Ó ga nílẹ̀, síríńgì rẹ̀ rọ̀, ó sì ń gùn kòtò bí ẹni gun ràkúnmí. Orúkọ 504 tí ẹ dá yìí, tèmi ló gbè.

Nípa ooru ńkọ́? Taya tó gbó, eré àsápajúdé àti ọ̀dà tó ń jó, mẹ́ta yìí ló ń pàdé tí taya fi ń bẹ́. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kí ọkọ̀ má sá ju 50 lọ láàrin ìlú, kí ó má sì ju 100 lọ ní ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tó bá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ilẹ̀ tí bírékì rẹ̀ yóò jẹ kó tó dúró. Nígbà tí màlúù bá kọjá lójijì lẹ́yìn Potiskum, ìṣirò yẹn kò mọ ọmọ ọlọ́lá. Ọkọ̀ yòówù kí ẹ rà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àmì DOT lára taya: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Taya máa ń kú sórí àtẹ láìjẹ́ pé ó rin ìrìn kankan.

ÌJÓKÒÓ Ẹ̀YÌN TÓ NÁ MI NÍ ÌYÁ

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan tí mi ò tíì sọ fún ẹgbẹ́ rí.

Lọ́dún 2004, ìyá mi wá sí Maiduguri síbi ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn mi. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin nígbà náà. Nígbà tó fẹ́ padà sílé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní òun yóò gbé Màmá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ni. Mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ náà, ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ kọ́. Ọkọ̀ eré ni, pupa fòò, ẹni tó bá rí i á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àdúgbò jáde wá kí wa. Inú Màmá dùn, ó ń fi ọwọ́ pa ara ọkọ̀, ó ń súre fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

Gbogbo yín mọ ọ̀nà náà: Damaturu, Potiskum, Bauchi, Jos, Akwanga, Abuja, Lókòjá, kí a tó dé Kàbbà níbi tí a ti ń kọ́kọ́ gbọ́ èdè wa lẹ́nu àwọn ará wa Ọ̀kun. Ó lé ní 1,300 kìlómítà kí ènìyàn tó fojú kan Ìbàdàn. Títí dé Damaturu, Màmá ń bá wa tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí a kọjá Potiskum, ó dákẹ́. Ní Bauchi, mo bi í léèrè, ó ní kò sí nǹkan. Ìgbà tí a dé Jos ní ìrọ̀lẹ́, Màmá kò lè sọ̀kalẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ká mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó iwájú látàárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti le gan. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó wo ojú ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ní: “Ọkọ̀ rẹ dára, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá bọ́ọ̀sì.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì akérò ni èmi àti ìyá mi wọ̀ lọ sílé. Ọkọ̀ pupa náà ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Màmá kò padà wá sí Maiduguri mọ́ títí ó fi jáde láyé lọ́dún 2011. Ìgbàkígbà tí a bá pè é, á ní: “Ọ̀nà yẹn jìn, ẹ̀yìn mi kò gbà á.” Ohùn lórí fóònù ni àbíkẹ́yìn mi fi mọ ìyá bàbá rẹ̀. Kò gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lójúkojú rí. Ẹ̀yin ará mi, àwa tí a wà lájò, kí ló so wá mọ́ ilé bí kò ṣe àwọn àgbà tó lè wá sọ́dọ̀ wa àti àwọn ọmọ tí a lè gbé lọ sọ́dọ̀ wọn? Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí ọmọ bá ń bì láti Damaturu dé Jos, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò sọ pé òun kò lọ. Bí ó bá pé ọdún mẹ́ta tí kò lọ, Hausa nìkan ni yóò máa sọ, ilé bàbá rẹ̀ yóò sì di ìtàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo lórí ìjókòó ọkọ̀. Àyè ẹsẹ̀ lẹ́yìn ES 350 fi nǹkan bí ínṣì 5 ju ti IS 250 lọ. Ínṣì 5 yẹn ni orúnkún ìyá mi.

“ERÉ LÓ Ń GBA ẸNI LÁ”

Àwọn kan yóò sọ pé: “Bàbá, ẹ ti gbàgbé ìgbà Boko Haram. Ọkọ̀ tó lè sáré ló gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là.” Mi ò gbàgbé. Mo wà níbí lóṣù Keje ọdún 2009. Mo wà níbí lọ́dún 2011 nígbà tí ìjọba fòfin de àchàbà, tí kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù gba ìgboro. Mo wà níbí lóṣù Karùn-ún ọdún 2013 nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa.

Ta ló rí ọ̀nà sáré nígbà náà? Gbogbo ibi tí ènìyàn bá yà sí, ṣọ́jà ló wà níbẹ̀. Wọn a ní kí o dín eré kù, kí o pa iná iwájú, kí o tan iná inú ọkọ̀, kí wọ́n lè rí ojú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sáré ni wọ́n ń fura sí. Ẹni tó rọra wá, tí ìyàwó àti ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n ń sọ fún pé “ó dàbọ̀.” Àwa tí a kó ẹbí wa jáde nígbà náà mọ̀ pé àyè inú ọkọ̀ ló ṣe wá láǹfààní. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gba ènìyàn ló fi ọmọ aládùúgbò mẹ́ta kún tirẹ̀.

Ẹ sì wo ti àìpẹ́ yìí. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ìsédò Alau ya, tí omi bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú yìí kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ni ènìyàn ń wá? Ẹni tó lè gbé ìyá arúgbó àti ẹrù díẹ̀ lọ sí ibi gíga ni. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè lọ́jọ́ náà pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ọkọ̀ fi ń dé 100.

Ẹ̀YIN ÀGBÀ, Ọ̀RỌ̀ YÍN NÁÀ WÀ NÍBẸ̀

Kí àwọn ọ̀dọ́ má rò pé àwọn nìkan ni mò ń bá wí. Àwọn kan wà láàrin àwa àgbà tí à ń fi orúkọ ìgbádùn ra wàhálà. A ó ra Mẹsí ńlá nítorí pé ó bá oyè mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn S-Class tó jáde láàrin ọdún 1998 sí 2005 ló jẹ́ pé àpò atẹ́gùn ni wọ́n fi rọ́pò síríńgì onírin. Nígbà tí ó bá pé, bí ìgbà tí ènìyàn sùn lórí òwú ni. Nígbà tí àpò náà bá gbó, ọkọ̀ yóò jókòó sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí adìyẹ tó ń sàba, owó àtúnṣe rẹ̀ yóò sì mú orí ọlọ́kọ̀ gbóná. Ìtura tí a kò lè tún ṣe kì í ṣe ìtura. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi gbè sẹ́yìn ES: mẹkáníìkì tó bá mọ Camry ti mọ ọ̀pọ̀ nǹkan nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà nílẹ̀ níbí láìdúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Ládipọ̀ ní Èkó.

Ti epo kò sì ṣé gbàgbé. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan bẹntiróò kò tó igba náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan. Táńkì ES 350 gba nǹkan bí lítà 70. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V6 ni méjèèjì, kò sí èyí tí kì í mu epo. Bí owó ọmọ wa bá kéré, mo gbà á nímọ̀ràn láìtijú pé kó ra Camry oní-ẹ́ńjìnnì kékeré, kó fi ìyókù san owó ilé-ìwé. Ọmọ ìyá kan náà ni, Màmá yóò jókòó dáadáa níbẹ̀ pẹ̀lú.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Àkọ́kọ́, kí ìgbìmọ̀ alájẹṣẹ́kù wa máa bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó ra ọkọ̀ ní ìbéèrè kan: “Ta ni yóò máa jókòó sẹ́yìn?” Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn fún un, kó lọ fi owó ara rẹ̀ rà á.

Èkejì, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ má ṣe dá lọ dán an wò. Kó mú ìyàwó rẹ̀ tàbí àgbà kan dání, kó fi wọ́n sẹ́yìn, kó wa ọkọ̀ náà wọ inú iyanrìn Bulumkutu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu wọn. Kí òun náà lọ jókòó sẹ́yìn nígbà tí ẹlòmíràn bá ń wà á. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí ìrókò, kò lè rí i. Ìjókòó ẹ̀yìn gan-an ni mò ń wí o.

Ìwọ ọmọ mi tí o béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa, mo gbọ́ pé o kò tíì sanwó. Mo bẹ̀ ọ́, mú ES náà. Ìyá rẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́ kí o tó mọ ìrìn. Ó kàn ọ́ báyìí láti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ pọ̀n ọ́n. Lọ gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, rọra wà á, kó wá kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní oríkì lójúkojú. Lọ́jọ́ tó bá dé, gbogbo ẹgbẹ́ yóò wá kí i, èmi ni n ó sì kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, ilé kò ní gbàgbé wa, ọ̀nà ilé kò sì ní dí mọ́ wa. Àṣẹ.